Omi Àlùwàlá Ìyá Àgbà

Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tí kò fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pa mí sórí ibùsùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ ṣeun. Bùrọ̀dá tó wà nídìí dùùrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin onílù, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ̀rí tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ẹ̀rí oníjó, bí ẹ bá sì lùlù sí i, ojú á tì mí ju bó ṣe ń tì mí báyìí lọ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Màmá Délé tó ń ta ike l'Ọ́jà'ba. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ yìí á rántí pé nígbà ìkórè èṣí, ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni mo dúró sí. Léèsì búlúù ni mo wọ̀. Mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù fún mi, pé opó tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ ti di olómi, pé àwọn tí kò kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yin náà pariwo halelúyà lọ́jọ́ náà, ẹ sì jó! Pásítọ̀ wa gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní omi mi kò ní gbẹ. Mo sì ra fáànù mẹ́rin fún ìjọ. Ẹ wòkè. Àwọn náà ló ń fẹ́ sí yín lára yìí.

Mo wá gba ẹ̀rí yẹn padà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti gba ẹ̀rí padà rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n èmi á gba tèmi. Ibi tí mo ti fi irọ́ yangàn ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ òótọ́.

Ìsàlẹ̀ Òsì ni mò ń gbé, nínú agbo ilé ọkọ mi. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa onígbàgbọ́ ò ju ojúlé mẹ́ta lọ. A jọ ń jẹ ẹran iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, a ò jà rí nítorí ẹ̀sìn. Kànga kan wà láàárín agbo ilé náà. Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ, òfin kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí omi rẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, àwọn ọkùnrin ilé á wọ inú rẹ̀, wọ́n á kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Àwa obìnrin á se oúnjẹ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi níyàwó, omi kànga yẹn ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Ìyá Àgbà ló wẹ̀ ẹ́. Ìyáálé ìyá ọkọ mi ni Ìyá Àgbà, ọwọ́ wọn rọ̀ bí òwú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, omi tí a kì í tà nìyí. Bó o ṣe bá a ni kó o ṣe fi í sílẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo ṣì kéré nígbà yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó lásán ni.

Nígbà tí ọkọ mi kú, Délé ọmọ mi fi owó ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, mo ní kí n gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù síwájú ojúlé mi kí n máa ta omi. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Opó gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbé táńkì dúdú ńlá sókè, mo ra jẹnẹrétọ̀, mo gbé àga mi sídìí ẹ̀rọ. Oṣù méjì gbáko, ará, kò sẹ́ni tó ra kẹ́ẹ̀gì kan. Ta ni á ra omi nígbà tí kànga wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí omi rẹ̀ tutù, tó sì dùn? Màá jókòó bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ táńkì, màá máa gbọ́ bí ìfami ṣe ń bọ́ sómi, gbàm̀, gbàm̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó di ohun tó ń dùn mí nínú egungun.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ohunkóhun tó ń dí ọ̀nà ọrọ̀ mi kúrò. Ẹ gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀! Kànga tí ẹ̀dá Ọlọ́run ń mu ni mò ń pè ní ọ̀tá lórí ìkúnlẹ̀. Ọlọ́run ò dá mi lóhùn, mo bá dá ara mi lóhùn.

Adìyẹ mi kan kú. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, mo wé òkú adìyẹ náà mọ́ ìborùn mi, mo rìn lọ sídìí kànga bí ẹni tó fẹ́ pọnmi, mo jù ú sínú rẹ̀.

Ẹ má pariwo "Jésù" lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi náà ń rùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ di imú, èmi náà ni mo kọ́kọ́ pariwo. Àwọn ọmọ méjì ti ń ṣu gbuuru nílé nígbà yẹn. Mógàjí wa, olórí ẹbí, pe gbogbo ilé jọ, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin wọ inú kànga lọ kó o. Ni mo bá dìde, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ yín ní Bíbélì, mo ní ewu ni, mo ní ọmọ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kú, mo ní èmi á fi sìmẹ́ńtì ṣe ọmọrí sí i lọ́fẹ̀ẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé tí a máa kó o dáadáa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mógàjí ṣàdúrà fún mi! Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo ní kí wọ́n ṣì fara balẹ̀. Ẹni tó ń sáré owó oúnjẹ kì í ráyè jà lórí kànga. Bí ọmọrí ṣe wà níbẹ̀ títí nìyẹn.

Kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí kànga àwọn ilé tó kù gbẹ, mo fowó lé e. Àwọn ọmọ kan ń dọ́gbọ́n ṣí ẹ̀rọ bu omi bí mo bá lọ sọ́jà, mo bá pe àbúrò ọkọ mi kan tó jẹ́ wẹ́dà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, Bàbá Wẹ́dà ni mò ń pè é. Mo ní kó jó àgò irin yí ẹnu ẹ̀rọ ká, kí n máa fi àgádágodo tì í.

Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé omi náà hùwà kan ni, tẹ́ ẹ fẹ́ jù ú sẹ́wọ̀n?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà jó o kó le." Ó jó o, ó sì le.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìyá Àgbà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò pa ìrun kan jẹ rí. Búútà oníke kan tó láwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Látìgbà tí kànga ti di pípadé, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń gbé búútà yẹn wá bá mi. Àwọn ẹlòmíì á rán ọmọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà á fẹsẹ̀ ara wọn rìn ín. Wọ́n á na owó sí mi, wọ́n á wò mí lójú díẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ṣé àlàáfíà ni?" Màá ní àlàáfíà ni, mà. Màá gbowó. Ẹ gbọ́ o, mo ní mo máa ń gbowó. Ìyá tó fi omi ọ̀fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ mi wọlé, mo ń ta omi àlùwàlá fún wọn.

Lọ́jọ́ kan wọn ò ní ṣéńjì. Mo ní kí wọ́n lọ wá ṣéńjì wá. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n fi erùpẹ̀ pa ojú àti ọwọ́, wọ́n kírun. Mo ń wò wọ́n láti orí àga mi. Mo ní ẹ̀sìn wọn kúkú gbà wọ́n láyè. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo san ìdámẹ́wàá mi pé, kò yẹ̀.

Ó wá di Wẹsidé ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Àdúrà ọ̀sán ni, èyí tí a pe àkòrí rẹ̀ ní "Ilẹ̀kùn Ọrọ̀, Ṣí!" Mo pa fóònù mi bí Pásítọ̀ ṣe ní kí a pa á. Mo dúró síbi òpó yẹn, mò ń pariwo "ṣí, ṣí, ṣí" títí ohùn mi fi há. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹ̀rọ sì wà létí ìró mi níbi tí mo so ó sí.

Aago mẹ́rin ni a túká. Mo ń kọrin bọ̀ jẹ́jẹ́. Láti òkè Mápó ni mo ti rí èéfín, mo tilẹ̀ ní kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó kàn. Ìgbà tí mo wọ agbo ilé ni mo tó rí i pé yàrá Ìyá Àgbà ni.

Bàbá Wẹ́dà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Iná mànàmáná dé lójijì, ó dé tagbáratagbára, fáànù Ìyá Àgbà bú gbàù, iná mú àjà onípákó, àjà já dí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ilé sáré wá omi. Nítorí pé omi wọ́n, kò sẹ́ni tó ní omi nílé ju èyí tó fẹ́ fi sebẹ̀ lọ. Wọ́n sáré sídìí ẹ̀rọ mi, àgò irin ló pàdé wọn. Táńkì kún dẹ́nu lókè lọ́hùn-ún! Wọ́n pè mí, fóònù ò lọ. Wọ́n sáré sídìí kànga, sìmẹ́ńtì mi ló wà níbẹ̀. Bàbá Wẹ́dà gbé òòlù, ó ń lu irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó. Ó ti jó o dáadáa, bí mo ṣe ní kó ṣe. Ìgbà tó fi máa ṣí, òrùlé ti wó.

Inú yàrá yẹn ni Ìbùkún wà. Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún méje. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń lọ bó bá ti ilé ìwé dé, kó jẹun, kó sùn díẹ̀. Ará, nígbà tí wọ́n sọ fún mi, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró mi, mo ń wò ó.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ́ ògiri amọ̀ ẹ̀yìn yàrá náà. Wọ́n bá Ìyá Àgbà ní igun, wọ́n ká ara wọn bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ìbùkún ni. Ìborùn ìrun Ìyá Àgbà ni wọ́n fi wé e láti orí dé ẹsẹ̀, ìborùn náà tutù. Búútà aláwọ̀ ewé yẹn ti yọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ náà ní, "Wọ́n da omi ìrun wọn lé mi lórí, wọ́n ní kí n di ojú, kí n má mí sókè." Omi tí wọ́n tọ́jú de ìrun Alásàárì ni. Lọ́wọ́ mi ni wọ́n ti rà á. Wọn ò da ẹ̀kán kan sí ara tiwọn.

Ìbùkún ló jókòó sọ́wọ́ iwájú yẹn, nínú aṣọ pupa. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló bó. Dìde, ọmọ mi, kí wọ́n rí ẹ. Ẹ yin Ọlọ́run. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ rọra, nítorí mi ò tíì parí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ìyá Àgbà lò ní ọsibítù. Mo jókòó tì wọ́n. Àwọn ará ilé ń yìn mí pé mo tọ́jú ìyá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì jáde, ó ku èmi àti Ìyá Àgbà. Wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ìyàwó."

Mo ní, "Ìyá mi."

Wọ́n ní, "Mo rí ẹ. Lọ́jọ́ tó o gbé adìyẹ lọ sídìí kànga. Mo ti jí fún Àsùbáà."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

Wọ́n ní, "Tí mo bá sọ, wọ́n á lé ẹ lọ. Ẹsẹ̀ tí mo fọwọ́ mi wẹ̀ wọlé, ṣé èmi náà ni mo máa lé e jáde? Mo ní kí n máa gbé búútà wá bá ẹ. Mo ní tó o bá ń rí mi lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan, wàá sọ ọ́ fúnra ẹ."

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ará. Mo rò pé omi ni wọ́n ń wá rà. Èmi ni wọ́n ń wá, mo sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Mo ní kí wọ́n foríjì mí, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Èmi ti foríjì ẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ. Lọ sọ fún àwọn tó ni kànga." Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n kú. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Àwọn obìnrin ilé tò wá bá mi pẹ̀lú garawa, èyí tó ṣíwájú sì na owó sí mi. Wọ́n ti dáwó jọ láti ra omi tí wọ́n máa fi wẹ òkú Ìyá Àgbà. Wọn ò fi bú mi. Wọn ò bínú. Ó ti mọ́ wọn lára ni. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù iná ọ̀run ò bà mí rí tó bí ẹ̀rù owó yẹn ṣe bà mí. Mo ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sá wọ yàrá mi, ẹnu mi ò sì gba ohun tó yẹ kó sọ. Títí di àárọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni nílé ò tíì mọ̀.

Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi, bàbá wa lẹ jẹ́. Nígbà tí mo gbé fáànù wá, ẹ ò bi mí pé níbo ni àwọn aládùúgbò mi ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará náà ò bi mí. A kàn jó ni. Ẹni tó bá rówó mú wá, ẹ̀rí rẹ̀ ti dùn nìyẹn. Ẹ má sì wò mí bí ẹni pé èmi nìkan ni mo gbé ọmọrí lé kànga ẹlòmíì nínú ilé yìí. Kálukú mọ èyí tó jókòó lé.

Ẹ lè bi mí pé, ìdáǹdè dà nínú gbogbo èyí? Ọmọ mi yè. Òun nìyẹn. Obìnrin tí mo ń ta omi Ọlọ́run fún ló rà á padà fún mi, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ sí i. Mi ò lè jó sí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò jẹ́ kí n kú pẹ̀lú irọ́ yẹn láyà, mo sì dúpẹ́.

Mi ò mú ọrẹ wá lónìí. Ohun tó wà nínú báàgì tí ẹ ń wò yìí, okùn tuntun ni àti ìfami. Fídáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà ni lónìí, aago méjì, gbogbo ẹbí á pé. Bí mo bá ti kúrò níbí, iwájú Mógàjí ni mò ń lọ, màá sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, adìyẹ náà àti gbogbo ẹ̀. Mo ti ní kí Bàbá Wẹ́dà mú òòlù rẹ̀ dání. Ó bi mí pé kí la fẹ́ fọ́, mo ní kó mú un wá ṣáà. Wọ́n lè lé mi. Ẹ má gbàdúrà pé kí wọ́n má lé mi. Ẹ bá mi gbàdúrà kí ẹnu mi má pa dé kí n tó sọ ọ́ tán.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó gbé garawa kó tẹ̀ lé mi. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú kànga yẹn. Bí a bá gbọ́n ọn tó mọ́, búútà kan ni màá kọ́kọ́ bu, màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó jóná yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kírun á fi ṣe àlùwàlá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin onílù, ìgbà yẹn ni kí ẹ lù ú, èmi náà á jó. Ògo ni fún Ọlọ́run. Aago ti lọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ.